Àga Sípíkà Tí Mo Kàn, àti Ohùn Tí Mo Gbọ́ Lórí Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ yá mi létí díẹ̀ lónìí, kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ti kí ènìyàn, tí mo béèrè ilé, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi.

Káfíńtà ni mí ní Èjìgbò. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa. Ilé ìwé àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, nígbà tí irun mi ti ń funfun, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fojú fò ó. Ìyàwó mi, Ràfátù, ti kú. Àbíjàn ní ilẹ̀ Ivory Coast, níbi tó ti ń ṣòwò, ló kú sí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́ tí mo gbà pé ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi tọ́jú rẹ̀ láìgbọ́ ọ.

Kí ló dé tí n kò gbọ́ ọ? Rédíò kásẹ́ẹ̀tì tèmi ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹrù olóògbé dé. Mo fẹ́ yá ti aládùúgbò kan, ṣùgbọ́n ojú mi ni rédíò náà ṣe jẹ kásẹ́ẹ̀tì wáàsí, tó fa okùn rẹ̀ jáde bí ìfun adìẹ! Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tèmi. Mo fi aṣọ wé e, mo tì í sínú agolo, mo gbé e sókè àjà.

Múíbátù, ọmọ wa kan ṣoṣo, ló mú kí n gbé e sọ̀kalẹ̀. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó bímọ obìnrin, ó gbé e wá kí n rí i. Bó ṣe ń fún ọmọ lọ́mú, ó dédé sọ fún mi pé òun kò rántí ohùn ìyá òun mọ́. Ó ní òun rántí ojú, òun rántí bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Mo gbójú sókè wo àjà. Mo gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ tó dára kí ọmọ yìí gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí Alhaji kan ránṣẹ́ pè mí.

Alhaji yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé pátápátá ni, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Nígbà náà, Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ẹlòmíràn kó aṣọ àti abọ́ bọ̀. Òun kó sípíkà ńlá méjì, àtijọ́ gidi, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó padà sí ìlú rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe àpótí wọn, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ sì wà lójú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí àpò símẹ́ǹtì. Ó ní ẹ̀rọ tó ń lo àwo, ó sì ní èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Mímọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí eruku kankan lára wọn.

Ó ní òun fẹ́ kí n kan sítáńdì fún sípíkà náà. Òun pè é ní sítáńdì. Èmi ń pè é ní àga. Ó ní bí òun bá gbé e sílẹ̀, símẹ́ǹtì máa ń gbé ohùn mì. Bí òun bá gbé e sórí tábìlì, tábìlì máa ń gbọ̀n.

Mo ní kò sí wàhálà. Kí n tó lọ, mo fi ìtìjú sọ fún Alhaji pé mo ní kásẹ́ẹ̀tì kan, pé bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi fi í sínú ẹ̀rọ wọn. Alhaji béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní lẹ́tà ni, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀. Nígbà náà, púpọ̀ nínú wa kò mọ ìwé. Ẹni tó wà ní Àbíjàn á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. A ó gbọ́ ọ, a ó sì sọ èsì tiwa sórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà, a ó fi ránṣẹ́ padà. Kásẹ́ẹ̀tì kan lè lọ, kó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ta ló ń ra tuntun nígbà tí ti àná ṣì ń ṣiṣẹ́?

Èsì Ràfátù ni mo gbà pé ó wà nínú tèmi. Mo ti rán kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. Kò tó oṣù méjì, wọ́n ní ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé lọ́hùn-ún, gbé ẹrù rẹ̀ wálé, kásẹ́ẹ̀tì sì wà láàárín aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti dá mi lóhùn kó tó kú, kò kàn rí ẹni tó máa fi rán ni.

Ó dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi. Igi ọmọ̀ ni mo lò. Gbogbo wa la mọ̀ pé igi ọmọ̀ mọ ohùn, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù láti ayébáyé. Mo rò ó pé bí nǹkan bá ń sọ̀rọ̀, igi tó mọ ọ̀rọ̀ ló yẹ kó gbé e. Mo fi ìfági fá a, ó ń dán. Mo kun fánísì. Ọkàn mi balẹ̀ pé kò sí káfíńtà mìíràn ní Èjìgbò tó máa ro irú rẹ̀.

A gbé sípíkà lé e, Alhaji fi àwo sí i. Yéè! Bí olórin ṣe ń kọrin ni àga náà ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Bí onílù bá lu ẹyọ kan, àga á fi méjì kún un. Alhaji pa ẹ̀rọ, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Káfíńtà, àga ni mo ní kí o kàn fún mi. O kan elégbè wá!”

Alhaja ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ó ní kí n kúkú kan èyí tó máa jó sí i, kí òun lè máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú tì mí, mo gbé wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń fi ìka lù wọ́n, wọ́n ń dún. Lẹ́yìn náà ni ó yé mi. Ìlù nílò igi tó ń sọ̀rọ̀. Àga sípíkà nílò igi tó ya odi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó sì dákẹ́.

Mo padà lọ bẹ Alhaji pé kí wọ́n fún mi ní àyè kan sí i. Wọ́n gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó lójoojúmọ́, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo fi igi wọn ibi tí etí wọn dé láti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹnu sípíkà wà. Ìrókò ni mo lò, àárín igi gan-an, tó le. Mo fi pákó mẹ́rin mẹ́rin ṣe òpó tó ní ihò nínú. Mo fún àga kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nísàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ pálọ̀ wọn kò tẹ́jú, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í sì í mì. Mo wá ní kí a da yanrìn kún inú òpó náà, kó má lè dún.

Àkókò òjò ni. Gbogbo yanrìn ló tutù. Bí mo bá da yanrìn tútù sínú igi, igi á wú, á sì là. Kí la ṣe? Alhaja gbé agbada kaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan yanrìn bí ẹni ń yan gaàrí! Àwọn tó ń kọjá ń yọjú wò ó.

“Ẹ wá ra gaàrí Àbíjàn o!” ló ń pariwo sí wọn. “Kò ní ikán, kò ní kòkòrò. Eyín yín nìkan ni kí ẹ ṣọ́!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rántí nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé àga kọ̀ọ̀kan wọ pálọ̀. A gbé sípíkà lé e. Alhaji fi àwo sí i, ó jókòó, ó dijú. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ohùn náà kò ti inú àpótí jáde mọ́. Ó dà bí ẹni pé olórin dúró síwájú wa. Èèyàn ń gbọ́ ìgbà tó ń mí. Mo fọwọ́ kan àga mi; kò gbọ̀n rárá. Alhaji dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi Faransé dúpẹ́, “Mẹ̀sí, mẹ̀sí.” Ó ní kí n lọ mú lẹ́tà mi wá.

Mo ní kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Múíbátù. Ó gun alùpùpù dé lọ́jọ́ kejì, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni a lọ. Alhaji fi òwú nu inú ẹ̀rọ náà, ó fi ìka yí kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ kí okùn má bàa lẹ̀. Alhaja gbé omi fún wa. Alhaji fẹ́ jáde kí ó fi wá sílẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Ìbá sàn kí n jẹ́ kí wọ́n jáde.

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ohùn ọkùnrin ló jáde. Múíbátù wò mí. Ohùn mi ni.

“Ràfátù, èmi ni. Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ. Ọdún méjì ni o dá fún mi, ó ti di mẹ́rin. Bí o kò bá lè wálé kí Iléyá tó dé, dúró síbẹ̀, má wá mọ́. Mo ti sọ tèmi. Ó tán.”

Alhaji ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà jẹ kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún lọ́wọ́ kan! Kò sí èsì kankan. Ràfátù kò sọ̀rọ̀ lé tèmi. Èsì tí mo fi ọdún márùn-ún tọ́jú kò sí níbẹ̀.

Mo na ọwọ́ pé kí Alhaji pa á. Nígbà náà ni nǹkan kan ta nínú sípíkà, “tà”, ohùn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

“...tí wọ́n ń ta epo, mo kí wọn. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, mo kí wọn, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo kí ewúrẹ́ wa náà. Ṣé ó ti dẹ́kun àtimáa jẹ aṣọ èèyàn?”

Múíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ sípíkà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi. Èsì mi kò gùn. Ìwọ̀nba ohun tí mo sọ ló pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ìyókù lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí gbogbo agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó wà ní Àbíjàn máa ń ṣe é. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá dé, gbogbo ilé ló ń péjọ gbọ́ ìkíni. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ wọn tán, wọ́n á túká. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹ̀yìn ló ń wà, kí ọkọ nìkan lè gbọ́ ọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èjìgbò?

Ràfátù wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá Múí, mo mọ̀ pé gbogbo wọn ti lọ báyìí. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín pé mo ní n ò ní lè wá lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀wọ́. Kì í ṣe ọjà ló dá mi dúró. Àìsàn ni, inú mi ló ń wú láti oṣù mẹ́ta. N ò lè dá jókòó sínú ọkọ̀ láti ibí dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ránṣẹ́ sí yín, mo ní kí wọ́n má ṣe é, kí gbogbo ilé má bàa gbọ́. Bí ẹ bá ráyè, ẹ wá mú mi. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá lè fara dà á. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ ṣáà sọ fún mi. N ò ní bínú.”

A gbọ́ bó ṣe ń mí. Àga mi kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa. Ó ní ó dàbọ̀. Ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Agboolé péjọ. Ràfátù ń kí ìyá mi, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí pé òun kò ní lè wálé lọ́dún yìí. Àbúrò bàbá mi kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó Àbíjàn ti gbàgbé ọ̀nà ilé, pé ó ti rí ọkọ tó mọ Faransé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo pa rédíò, mo lé wọn jáde. N kò tún un tẹ̀ mọ́. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ èyí tí ẹ ti gbọ́ yẹn, mo sì fún ẹni tó ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n ní ó kú, wọ́n ní àìsàn ni. N kò béèrè bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹrù sílẹ̀ níwájú mi, ó wò mí, kò bá mi jẹun, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Kí ni Ràfátù rò? Ó rò pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní inú òun ń wú, kí n wá mú òun, èsì tó gbọ́ sì ni pé kó dúró síbẹ̀, kó má wá mọ́. Ohun tó gbé kú nìyẹn.

Múíbátù béèrè lọ́wọ́ mi níwájú Alhaji àti Alhaja.

“Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ nígbà náà ni?”

“N ò gbọ́ ọ.”

“Ẹ sọ fún mi pé ọjà ló fẹ́ràn jù wá lọ.”

“Ohun tí mo rò nìyẹn.”

Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kí Alhaji, ó kí Alhaja. Ó kúnlẹ̀ fún èmi náà, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó tún fojú kàn án.

Nígbà tó lọ tán, Alhaji fa àga sún mọ́ mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n pé òun lè da ohùn olóògbé nìkan kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun, kí a yọ ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, kí ọmọ máa gbọ́ ìyá rẹ̀ láìgbọ́ èyí tó kù. Èèyàn rere ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́.

“Kí ló dé?”

Mo ní bí wọ́n bá yọ tèmi, á dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó dá a lóhùn. A dá a lóhùn. Èmi ni.

Wọ́n da méjì kọ. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Múíbátù. Èkejì, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sọ̀rọ̀ sí ìparí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n Ràfátù. Mo sọ fún un pé n kò gbọ́ lẹ́tà náà dé ìdí kí n tó fèsì. Mo sọ ìdí rẹ̀, mo sọ ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo sọ pé kì í ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju èyí tí mo bá Ràfátù sọ ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò lẹ́yìn odi. Mo fi rán ẹni tó ń lọ sí Àbíjàn. Ẹni náà padà dé, ó ní òun fi lé e lọ́wọ́, ó sì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Ràfátù kò tíì dá mi lóhùn. N kò bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n kì í ṣe ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. Ẹyọ kan ni mo ní. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó fèsì. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí yín, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Àwa Yorùbá kì í kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn wá. À ń kọ́kọ́ kí ènìyàn, à ń béèrè ewúrẹ́, kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé ẹ̀yin náà ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé kan nílé tí ẹ kò gbọ́ tán, tí ẹ kò kà dé ìdí? Ẹ lọ mú un wálẹ̀. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá ṣì wà láàyè, kí ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí. Èmi á fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó bá a nígbà tí kò tíì pẹ́ jù.